Ọjọ́ Tí Bàbá Fèrè Wọ Omi

Ohùn ni dókítà eyín náà kọ́kọ́ dá mọ̀, kó tó rí ojú. Ó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí bàbá kan wọlé tó ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà pé bí wọ́n bá dun òun, òun máa ké bí ọmọ ọwọ́. Ohùn náà ha, bí ohùn ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pariwo. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Kò mú un. Ó kàn jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa dà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Wọ́n ní ọwọ́ yín rọ̀ bí òwú."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ fẹ̀yìn ti àga yẹn."

Kó tó yíjú padà, ó ti fa ìbòmú bo ẹnu àti imú. Bàbá náà wò ó, kò dá a mọ̀. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí apá rẹ̀ gùn jù fún ara rẹ̀ ni bàbá yìí mọ̀ nígbà kan. Obìnrin tó dúró tì í báyìí ti sanra, ó wọ awò ojú, ewú sì ti yọ ní ẹ̀bátí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ní tiẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló ti mọ ẹni tó wà níwájú òun. Ṣebí wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Bàbá Fèrè ni. Kóòṣì tó kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Fèrè rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn, okùn fèrè náà kì í sì í kúrò lẹ́yìn ọmọ tó bá wẹ̀ lọ́ra.

"Kí ló ń ṣe yín, sà?"

"Eyín iwájú ni. Méjì ti lọ, ọ̀kan ń mì. Mo sì máa rẹ́rìn-ín láìpẹ́ yìí." Bàbá náà gbé àyà sókè lórí àga. "Ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ fẹ́ fi orúkọ mi pe adágún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Àwọn oníròyìn á wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo gba ọmọ kan là níbẹ̀ láyé àtijọ́?"

"Ẹ̀yin, bàbá?" Nọ́ọ̀sì ti káwọ́ mọ́ àyà.

"Èmi! Ọmọ náà ti mu omi yó, ojú rẹ̀ ti yí. Mo bẹ́ wọlé pẹ̀lú aago lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe gbé e jáde, ó ku díẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́. Ó ti di baba ọmọ lónìí. Bàbá ló ń pè mí."

"Ẹ la ẹnu, sà," ni dókítà wí.

Bàbá náà la ẹnu. Dókítà fi òwú há ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ sì tán. Ó tan iná sí i lójú. Ó wo inú ẹnu náà pẹ́. Irin mímú wà lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lórí àwo, ọ̀fun ọkùnrin náà sì ń lọ sókè sódò nísàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ta ni yóò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀? Ó rò ó. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ni ìrora ọjọ́ kan? Oògùn á pa á, oorun á sì kó o lọ. Ohun tí ọkùnrin yìí jẹ ẹ́ pọ̀ ju eyín lọ.

Àwọn àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde. Dókítà eyín mọ ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Mo máa ṣe eyín fún yín, sà," ló sọ. "Eyín tí gbogbo ayé á rí."

Ó sì ṣe é. Kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni. Ó yan àwọ̀ rẹ̀ bí ẹni yan aṣọ ìyàwó, ó ń wọn ọ́n, ó ń fá a, ó ń dá a padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a rọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Dókítà, ẹ ti fẹ́ràn bàbá yìí jù."

"Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó," ni ó dáhùn.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́ rèé.

Ìdánrawò ti parí lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ yòókù ti lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó ku dókítà, tó ṣì jẹ́ ọmọbìnrin kékeré, tó ń ká okùn tí wọ́n fi ń pín ojú omi, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó máa ń tẹ̀ lé e wá nítorí ìyá wọn kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́. Bàbá wọn ti kú. Àbúrò náà kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó ń ṣeré létí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì já sí apá ibi tó jìn. Kò pariwo. Ẹni tí omi ń mú lọ kì í ráyè pariwo.

Bàbá Fèrè wà nítòsí ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ó rí i. Ó fọn fèrè. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó dúró sí etí omi, ó ń fọn fèrè mọ́ ọmọ tó ń rì, bí ẹni pé ọmọ náà rú òfin.

Ẹ̀gbọ́n ló bẹ́ wọlé. Ó rì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó gbá àbúrò rẹ̀ mú lábẹ́ apá, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, ó gbé e dé òkè. Ní etí omi, Bàbá Fèrè na ọwọ́ gba ọmọ náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn sáré dé. Ohun tí wọ́n rí ni kóòṣì tí ẹ̀wù rẹ̀ rin, tí ọmọ ń pọ omi sí lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣì wà nínú omi, tó di etí adágún mú, tó ń mí hẹlẹ, ta ló wò ó?

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́?" ni ẹnìkan bi í.

"Ó sá," ni Bàbá Fèrè dáhùn. "Ẹ̀rù bà á, ó sá lọ sí apá kejì."

Nígbà tí ìyá wọn wá kó wọn délé, ẹ̀gbọ́n sọ òtítọ́ fún un. Ìyá gbá a létí. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mú un lọ sílé kóòṣì, ó ní kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀ ẹ́, torí pé ó pe àgbàlagbà tó gba àbúrò rẹ̀ là ní òpùrọ́. Ó kúnlẹ̀. Kóòṣì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi."

Wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Asáfómi. Orúkọ yẹn tẹ̀ lé e wọ ilé ẹ̀kọ́, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ẹ̀rọ omi àdúgbò, àní ẹni tó bá rí i tó ń pọnmi á ní, "Asáfómi, má sá o!" Gbogbo rẹ̀ ló fara dà. Àbúrò rẹ̀ ni kò lè fara dà. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé jáde láti ìsàlẹ̀ omi di ọmọ ẹlòmíì. Ó ń lọ kí Bàbá Fèrè ní gbogbo ọdún. Nígbà tó ń gbéyàwó, Bàbá Fèrè ló jókòó sí àga bàbá, tó sì dìde sọ ìtàn bó ṣe bẹ́ sínú omi. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ bí gbogbo ènìyàn.

*

Ọdún pípẹ́ ni kò fi ki ẹsẹ̀ bọ omi. Orúnkún ló dá a padà. Nígbà tí ó ń ro ó lójoojúmọ́ nítorí ìdúró, wọ́n ní kó lọ máa lúwẹ̀ẹ́, ló bá wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń wẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ó bá ojú tó mọ̀ níbẹ̀: Lọ́yà, tó jẹ́ pé òun ló yára jù láyé ìgbà yẹn, tí ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọ omi báyìí, àti Ìyá Ìbejì, tó ń ta gíláàsì fèrèsé, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dún lára ògiri adágún bí ẹni pé ènìyàn mẹ́wàá ló ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Bàbá Fèrè wá ṣe eyín, wọ́n jókòó sí etí omi, wọ́n ń ju ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Dókítà bi wọ́n léèrè, bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn:

"Ẹ̀yin, ṣé ẹ rí Bàbá Fèrè nínú omi rí?"

Lọ́yà yíjú sí i. "Nínú omi bí i báwo?"

"Nínú omi. Kó wẹ̀."

"Ó máa ń..." Lọ́yà dá ẹsẹ̀ dúró nínú omi. "Rárá. Ó máa ń ní etí ń dun òun."

"Etí kọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ó sọ fún àwa pé òtútù àyà ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná. Ọkùnrin yẹn fi okùn na ẹ̀yìn mi títí ó fi bó, pé ọwọ́ mi kò gún nínú omi. Kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Èmi, ó ní kí n dúró nínú ibi tó jìn, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, títí tó fi jẹun tán," ni Lọ́yà wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo ṣì ń lá a. Mo máa ń lá a pé ó ń jẹun, kò sì jẹ tán."

Ìyá Ìbejì yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, ó kọjú sí dókítà. Ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló gbé àbúrò ẹ jáde?"

Dókítà wò ó.

"Hẹn!" ni Ìyá Ìbejì wí. Ó gbá itan rẹ̀. "Hẹn-ẹn! Àwa la sì ń pè ẹ́ ní Asáfómi!"

"Ẹ má bẹ̀ mí," ni dókítà wí. "Ẹ bá mi ṣiṣẹ́ kan ni."

Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n ti bẹ ẹgbẹ́ àwọn àgbà pé kí wọ́n wẹ̀ fún àwọn àlejò lọ́jọ́ ìsọrúkọ adágún. Lọ́yà, tó mọ ọ̀rọ̀ í dì, lọ bá alága ẹgbẹ́. Ó ní, "Alága, ṣé kò ní wuyì kí bàbá fúnra wọn kọ́kọ́ wọ omi, kí wọ́n ṣí i fún wa? Díẹ̀ báyìí. Kí wọ́n wẹ̀ dé àárín." Orí alága wú. Ó ní èrò tó jinlẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n má wulẹ̀ sọ fún bàbá tẹ́lẹ̀, kó lè yà wọ́n lẹ́nu.

*

Ọjọ́ náà, oòrùn mú, ojú omi ń tàn yanran. Wọ́n to àga yí adágún ká. Wọ́n fi aṣọ bo pátákó tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ìyá dókítà, tó ti darúgbó, jókòó ní ìlà iwájú lábẹ́ agboòrùn; àbúrò rẹ̀, tó ń tún fìríìjì ṣe, wọ kóòtù tó fún un ní apá. Bàbá Fèrè jókòó láàárín wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín sí òsì. Eyín náà funfun, ó tò, ó bá a mu dọ́gba. Láti ibi tí dókítà dúró sí, nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dúdú rẹ̀, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì tutù pẹ̀sẹ̀.

Àbúrò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí kò bá sí bàbá yìí, mi ò bá má sí." Omi lé sójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Alága gba gbohùngbohùn. "Kí a tó ṣí pátákó, akọni wa fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ omi yìí! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀ díẹ̀ fún wa!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Bàbá Fèrè, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lójú rẹ̀.

"Háà, alága, àgbà ti dé. Aṣọ tí mo wọ̀..."

"A ti ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fún yín, bàbá!" Ìyá Ìbejì ti gbé e wá, ó tẹ́ ẹ lé ọwọ́ méjèèjì.

"Etí mi yìí..."

"Ẹ má ki orí bọ omi, bàbá. Ẹ kàn wẹ̀ ni," ni Lọ́yà wí.

Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìtìjú àgbà ni. Àbúrò dìde, ó di apá rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ káyé rí yín." Ọkùnrin tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbéra ga kò mọ ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. Ó wọ yàrá lọ. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti tówẹ̀lì lọ́rùn. Ó gba àkàsọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní apá ibi tí kò jìn, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, títí omi fi dé ìbàdí rẹ̀. Ó di irin àkàsọ̀ náà mú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó juwọ́ sí wọn, ó sì tètè dá ọwọ́ náà padà sórí irin.

Dókítà ti wọ omi. Ó wẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ó dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó bọ́ awò ìwẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí ìbòmú.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

Bàbá náà wò ó. "Dókítà? Ẹ̀yin náà wà níbí?"

"Asáfómi ni," ló wí jẹ́ẹ́.

Ó rí i bí orúkọ náà ṣe wọlé sí i lára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Dókítà kò dúró. Ó wẹ̀ lọ sí apá ibi tó jìn, ó fẹ̀yìn lé ojú omi, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì pariwo tí gbogbo ènìyàn fi gbọ́:

"Ó yá, Bàbá Fèrè! Ẹ wá gbé mi jáde bí ẹ ṣe gbé àbúrò mi jáde!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Ó dúró. Ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Bàbá Fèrè kò kúrò níbi àkàsọ̀. Irin náà ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi irin náà sílẹ̀," ni àbúrò wí láti òkè. "Kò jìnnà. Ẹ wẹ̀ lọ bá wọn."

"Ẹ jọ̀wọ́ irin, bàbá," ni Ìyá Ìbejì wí. Kò sí ẹ̀rín kankan lẹ́nu rẹ̀.

"Ọwọ́ sókè, sà," ni Lọ́yà wí. "Ọwọ́ méjèèjì."

Ọkùnrin náà gbìyànjú. Ó tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà yọ̀, omi sì dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó fò mọ́ irin bí ológbò tí wọ́n jù sínú garawa, ó sì ké. Ohùn tó ha yẹn ló fi ké, gbohùngbohùn alága sì gbé e:

"Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Ẹ gbà mí, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀!"

Dókítà ṣì wà lórí omi, ó ń wo ojú ọ̀run. Ó gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe rìn wá sí etí adágún.

"Ta ló gbé mi jáde?" ni àbúrò bi í.

Bàbá Fèrè ń mí, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá. Mo ní, ta ló gbé mi jáde?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ibi tó jìn. "Òun ni."

Lọ́yà ló padà fà á sókè. Kò sẹ́ni tó ṣí pátákó.

*

Ìyá wọ mọ́tò dókítà padà sílé. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ṣòkòtò kóòṣì gbẹ lọ́jọ́ tí àbúrò ẹ já sómi," ló sọ. "Ẹ̀wù rẹ̀ tutù, ṣòkòtò gbẹ. Mo rí i, nígbà tí mo débẹ̀."

Dókítà yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró. "Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ sì ní kí n kúnlẹ̀ fún un."

"Ọkọ mi ti kú. Mo fẹ́ kí ọkùnrin kan wà tí àbúrò ẹ á máa wò lójú." Ìyá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo rò pé ìwọ lágbára, o máa rù ú."

Dókítà ṣáná sí mọ́tò, ó gbé ìyá délé, ó bá a ṣílẹ̀kùn, ó sì kí i pé ó dàárọ̀ bí ẹni ń kí àlejò. Fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kí i.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn bí a ṣe rò. Bóyá tiwọn ni kò dùn. Tirẹ̀ dùn. Ó ń jí láàárọ̀, ó ń rántí irin tó ń gbọ̀n yẹn, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìwẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ pé Bàbá Fèrè ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbi tó jìnnà, tí kì í sì í jáde mọ́, ó ṣe "áà, ó mà ṣe o." Dókítà ní kí ó pe aláìsàn tó kàn wọlé.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò dùn mọ́ ọn. Kò gbé fóònù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó kàn ń jókòó ti fìríìjì tó tú kalẹ̀, kì í sì í tò ó padà. Sátidé kan, dókítà ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀, ó gbé orí sókè, ó sì rí i tó dúró sí etí omi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsọrúkọ, kò tíì sún mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàbọ̀."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Mo sọ. Wọ́n gbá mi létí."

"Èmi kọ́ ló gbá yín létí." Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Ẹ gba bàbá lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé. Ẹ lè sọ ọ́ fún mi nínú ilé, ní àwa méjì."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ojú gbogbo ayé ni mo fẹ́. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀ mí." Ó wo omi náà, ó tún wò ó. "Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù gan-an."

"Mo ṣì ń bínú sí yín o."

"Máa bínú lọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bọ́ bàtà ẹ."